Ojú Mi àti Awò Bàámi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, kò sí ẹni tó ń ríran jù mí lọ ní àdúgbò wa ní Ikpoba Hill. Ẹ má rò pé mo ń fọ́nnu, ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfọ́nnu. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá mi kúrò nílẹ̀ Yorùbá wá sí ìlú Benin. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo gbọ́njú sí. Ilé tí a háyà wà níbi tí òkè náà ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò Ikpoba. Tí mo bá jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé nírọ̀lẹ́, mo ń rí títì láti ibi afárá títí dé ojúde wa. Mo ń mọ Bàámi láàárín èrò láti ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí bó ṣe máa ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun òkè, tí á sì máa fi fìlà nu òógùn. Màá sáré wọlé lọ sọ fún Màámi pé Bàámi ti ń bọ̀, Màámi á gbé ọbẹ̀ kaná, ọbẹ̀ á sì ti gbóná kí ọkùnrin náà tó wọlé. Ojú àwòdì ni wọ́n ń pè mí nínú ilé. Inú Bàámi a máa dùn sí i, á ní ojú òun kọ́ ni mo jogún. Ìyìn tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀ kò pọ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè ka ìyẹn sí i.

Ojú yìí kan náà ló ba ayé mi jẹ́.

Bàámi fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà. Awò ojú tó ń lò nípọn létí bí ìsàlẹ̀ ìgò, tó bá sì bọ́ ọ, kò ní mọ ẹni tó ń bọ̀ lójúde títí ẹni náà á fi kí i. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kàwé, kò nílò awò kankan. Á bọ́ ọ sórí tábìlì, á gbé ìwé sún mọ́ imú títí ẹ ó fi rò pé ńṣe ló ń gbóòórùn rẹ̀, á sì máa kà á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kàwé láti kékeré tó fi di akọ̀wé àgbà. Nítorí náà, lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń kàwé tọkàntọkàn, imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Ẹni tó bá na ìwé jìnnà sí ojú, eré ló ń ṣe. Òfin ilé wa nìyẹn. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, àwa méjì péré tí wọ́n bí, a ó jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a ó gbé ìwé sún mọ́ ojú bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìn-ín-ní àti kejì, kò sí wàhálà. Lẹ́tà inú ìwé wa tóbi, ó dúdú, àwòrán ewúrẹ́ àti ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ipò kìn-ín-ní ni mo ń gbà. Mo máa ń to agolo àti ìdérí ìkòkò sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, màá mú igi dání, màá máa kọ́ wọn ní ìwé. Tíṣà ni mo fẹ́ jẹ́. N kò ní èrò míì láyé. Tí àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ mi bá ń sọ pé àwọn fẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìyàwó sọ́jà, èmi á sọ pé tíṣà, màá sì bá wọn wí kí wọ́n jókòó dáadáa.

Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń gòkè nílé-ìwé ni lẹ́tà ìwé ń kéré. Ẹ kò tíì ronú sí i rí, àbí? Kò sí ìdí fún yín láti ronú sí i. Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹrin, ọ̀rọ̀ inú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn lójú mi bí èèrà tí a da omi gbígbóná sí. Mo máa rí i kedere fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á ṣú, á tún là, á tún ṣú. Ibi tí irun ojú méjèèjì ti fẹ́ pàdé níwájú orí mi á máa fọ́ mi, omi á máa jáde lójú mi. Tí mo bá na ìwé síwájú, á sàn díẹ̀. Ìgbà tí á bá sàn yẹn gan-an ni ohùn Bàámi á dún látòkè tábìlì: “Gbé e súnmọ́ ojú rẹ! Ṣé ìwé náà ń rùn ni?” Màá gbé e súnmọ́. Gbogbo rẹ̀ á di ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo nǹkan tó mú ọ̀rọ̀ náà le. Láàárọ̀, nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, mo lè ka ojú ìwé kan láìkọsẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí mo ti wo ìwé látàárọ̀ nílé-ìwé, n kò ní lè ka ìlà méjì. Bàámi rí i pé mo kà á láàárọ̀. Ó ní ẹni tó lè kà á láàárọ̀ tí kò lè kà á nírọ̀lẹ́, kí ni ẹ fẹ́ kí òun pe ìyẹn bí kì í bá ṣe ọ̀lẹ? Nínú kíláàsì náà, mo ń ka ohun tó wà lójú pátákó láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, mo sì tún ń kà á fún àwọn tó wà níwájú. Tíṣà á wá ní kí n ṣí ìwé kí n ka ohun kan náà. Màá dákẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn tíṣà sọ fún Bàámi pé ọmọ yín gbọ́n, ṣùgbọ́n alágídí ni.

Ìsìn ìdílé ló burú jù. Ní alaalẹ́, a ó jókòó yí àtùpà ká, olúkúlùkù á ka ẹsẹ kan nínú Bíbélì Yorùbá, Bíbélì kékeré kan tí lẹ́tà rẹ̀ kéré, tí àmì sì kún orí àti ìdí ọ̀rọ̀ bí eruku. Àbúrò mi ló ń yọ mí. Á ti ka ẹsẹ tèmi sí mi létí nígbà tí à ń tẹ́ ẹní, màá há a sórí, tó bá kàn mí màá gbé Bíbélì sún mọ́ imú bí òfin ilé ti wí, màá sì máa pe ohun tí n kò rí. Lọ́jọ́ tí Bàámi bá dédé yí orí padà, àṣírí á tú. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún Bàámi ni ẹgba wà ní tiwa.

Ẹ má sọ pé kò gbìyànjú. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ìgbìyànjú náà sì burú ju ẹgba lọ. Lọ́jọ́ kan ó pè mí sínú yàrá, ó ṣí àpótí, ó mú awò rẹ̀ àtijọ́ jáde. Ó fi aṣọ nu ún, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí mi lójú, ó tún so okùn mọ́ ọn lẹ́yìn kí ó má baà já bọ́. Ó ní awò yìí ló sọ òun di èèyàn, kí n fi í kàwé, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Inú mi dùn gan-an. Mo ṣí ìwé. Lẹ́tà tó ti kéré tẹ́lẹ̀ tún súnkì, gbogbo rẹ̀ ṣú bí ẹni gba inú èéfín wo nǹkan, èébì sì fẹ́ẹ́ gbé mi. Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní, “Bàámi, kò hàn rárá. Ó tún burú sí i.” Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó bọ́ awò náà kúrò lójú mi, ó ní, “Awò tó la ojú mi, òun ló wá fọ́ tìrẹ?” Láti ọjọ́ náà ló ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òpùrọ́ ni mí. Awò ni awò, bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé awò tó ń wo ojú kan sàn lè máa ba òmíràn jẹ́, èmi náà kò sì mọ̀.

Mo fi etí kàwé wọ ilé-ìwé girama. Ohun tí tíṣà bá ti fi ẹnu sọ, kì í bọ́ lórí mi. Ṣùgbọ́n ìwé girama kì í ṣe ohun tí etí nìkan lè gbé. Mo tún fọ́ọ̀mù kejì kà. Màámi ń fi omi tútù nù mí lórí, ó ń rọra sọ fún Bàámi pé, “Ẹ jọ̀ọ́, bóyá ojú ló ń dun ọmọ yìí.” Bàámi á ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Ọkùnrin tí kò lè rí ojúde ara rẹ̀ láìfi awò sójú ló ń pa òwe ìríran fún mi.

Ọdún yẹn náà ni ìdáǹdè fẹ́ dé. Ìjọ Yorùbá ni tiwa. Àwọn olùkọ́ yunifásítì, òṣìṣẹ́ báńkì, akọ̀wé ìjọba, gbogbo ẹni tí àárò ilé ń sọ ló ń wá síbẹ̀ kí ó lè gbọ́ orin ní èdè rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà wà láàárín wa, wọ́n sì ní lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn yóò yẹ ìjọ wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn yóò sì wo ojú. Màámi bẹ Bàámi títí ó fi gbà pé kí wọ́n wo tèmi. Ó ní tí wọ́n bá sọ pé ojú mi kò dára, òun á bẹ̀ mí. Ó ní tó bá sì dára, kí n má tún sọ̀rọ̀ ojú nínú ilé òun mọ́ láé. Ẹ wo ọmọ tó ń kúnlẹ̀ gbàdúrà kí ojú òun burú. Èmi nìyẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Wọ́n lẹ pépà lẹ́tà mọ́ ògiri lẹ́bàá pẹpẹ, lẹ́tà gàǹgà lókè, ó ń kéré bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní kí a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà kan ka dé ìlà kejì, wọn kò lè ka ìyókù. Bàámi bọ́ awò, kò rí nǹkan kan àfi pépà funfun, gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó kàn mí. Mo dúró síbẹ̀, mo wo pépà náà, gbogbo rẹ̀ sì là kedere níwájú mi. Kí ni kí n ṣe? Ohun tí mo rí ni mo pè. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún ka ọ̀rọ̀ wíńníwíńní tí àwọn tó tẹ pépà náà kọ sí etí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Akẹ́kọ̀ọ́ dókítà náà pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ojú ọmọ yìí dára ju tèmi lọ o!” Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú Màámi, ó tẹ orí ba.

Kò sí ẹni tó fún mi ní ìwé kan kí n dì í mú ní ọwọ́ kí n kà á. Kò sí ẹni tó bi mí pé nígbà wo ni ojú ń dùn mí. Nítorí pé n kò purọ́ lójú pépà yẹn, wọ́n sọ mí di òpùrọ́ títí ayé. Ìdánwò tí mo yege jù láyé mi nìyẹn, ìyege náà ló sì lé mi kúrò nílé-ìwé. Nígbà tí ìsinmi ilé-ìwé parí, Bàámi ní ọmọ tí kò fẹ́ kàwé, kí ó lọ fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ó ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Ó ní ojú mi dá ṣáká, iṣẹ́ náà yóò bá mi mu.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti mú abẹ́rẹ́ dání rí, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo ti sun ẹkún tèmi tán.

Ọ̀dọ̀ obìnrin ọmọ Edo kan ni wọ́n mú mi lọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì ní Uselu. Obìnrin náà kò burú. Ó kàn ń pariwo, gbogbo ọlọ́ṣọ́ọ̀bù Uselu ló sì ń pariwo nítorí àwọn mẹkáníìkì tó ń lu irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òwú ti kọ̀ tí kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Mo fi itọ́ tẹ orí òwú, mo di èémí mú, mo gún ọwọ́ ara mi. Àwọn nọ́ńbà ara téèpù ń jó. Màdáámù á dúró lórí mi, á ní, “See this pikin o! Moto wey dey far like that, you dey see am. Na ordinary needle you no fit see?” Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi á ya ẹnu. Nígbà tó yá, a jọ ṣe àdéhùn. Wọ́n á máa fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún mi, èmi á máa pọn omi tiwọn. Ẹsẹ̀ aṣọ àti ihò bọ́tìnì kò ṣeé gbé fún mi. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ gbọọrọ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún mi, pàápàá aṣọ ilé-ìwé, nítorí ìlà tí ó tọ́, ọwọ́ lè máa tọ́ ọ lọ. Nígbà tí mo parí ìkọ́ṣẹ́, n kò lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Mo dúró lọ́dọ̀ Màdáámù gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi rán.

Títì tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá ló lọ sí Ekiadolor. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà wà níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ a sì máa kọjá. Ara mi a máa mọ̀ ọ́n kí ó tó dé. Màá gbé ojú sókè nídìí ẹ̀rọ, màá ka orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láti òdìkejì títì, láti àárín èrò àti eruku, màá kà á tán kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà, màá wolẹ̀ wo téèpù tó wà lọ́wọ́ mi, n kò sì ní rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, mo rí àbúrò mi lójú fèrèsé ọkọ̀ náà. Ọdún tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé ìwé sórí itan, ó ń bá ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Kò rí mi. N kò bínú sí i, òun ló ń ka ẹsẹ Bíbélì sí mi létí. Ṣùgbọ́n mo bínú lọ́jọ́ yẹn, mo bínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ títí òwú fi já.

Orí fífọ́ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn nígbẹ̀yìn. Mo ti di ìyàwó ilé nígbà náà, mo ti bímọ kan, orí náà sì ti burú débi pé òkèèrè tí mo ń fi yangàn pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n ní kí n lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Mo fẹ́ padà sílé. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà ojú, èmi tí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún? Dókítà náà gbọ́ orúkọ mi, ó fi Yorùbá kí mi. Ó ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, mo kà á tán. Mo ti ń dìde. Ó ní, “Ẹ jókòó, Ìyá. A kò tíì bẹ̀rẹ̀.” Ó fún mi ní ìwé kékeré kan kí n dì í mú. Ọwọ́ mi na ìwé náà jìnnà kí n tó mọ̀, mo sì yára fà á padà súnmọ́ imú. Ó bi mí ìdí tí mo fi fà á padà. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kàwé nílé wa. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó kán oògùn kan sí mi lójú, ó ní kí n jókòó síta fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé tó ní kí n tún wo ògiri, ẹ̀yin ọmọ mi, lẹ́tà gàǹgà tó wà lókè pátápátá nìkan ni mo rí, òun náà sì ṣú. Mo ké. Mo rò pé ó ti fọ́ mi lójú. Ó ní kí n fara balẹ̀, ojú mi ló ń sinmi. Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún mi. Ó ní ojú dà bí yàrá tí fèrèsé wà níwájú rẹ̀, tí ògiri wà lẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ kóra jọ gẹ́lẹ́ sórí ògiri kí èèyàn tó ríran kedere. Yàrá tèmi ti kúrú jù láti inú ìyá mi. Ìmọ́lẹ̀ kì í tíì kóra jọ tán tí á fi kan ògiri. Ṣùgbọ́n iṣan kan wà nínú ojú tí ó lè fi ipá mú ìmọ́lẹ̀ náà kóra jọ, iṣan ọmọdé sì lágbára. Ipá yẹn ni mo fi ń rí òkèèrè. Tí nǹkan bá wá sún mọ́ ojú, ipá tí ó ń béèrè pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, iṣan á ja ìjàkadì títí, á rẹ̀ ẹ́, ojú á ṣú, orí á fọ́. Ìdí nìyẹn tí àárọ̀ fi ń sàn ju ìrọ̀lẹ́. Oògùn tó kán sí mi ló dá iṣan náà dúró tí òótọ́ fi jáde. Ó ní, “Láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín, ojú yín kò sinmi rí.”

Mo bi í léèrè awò Bàámi. Ó ní ẹni tí kò ríran jìnnà, yàrá tirẹ̀ ló gùn jù. Awò tirẹ̀ a máa nípọn létí, á fẹ́lẹ́ láàárín, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn. Tèmi gbọ́dọ̀ nípọn láàárín kí ó fẹ́lẹ́ létí, kí ó lè fa ìmọ́lẹ̀ náà wá síwájú. Ó ní ẹni tó bá gbé awò ti àkọ́kọ́ fún mi, bí ẹni gbé ẹrù kún ẹrù ni. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ nìyẹn, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrú tó. Ọ̀rọ̀ tí kò tó ìwàásù kan ló jẹ gbogbo ọjọ́ ayé mi. Nígbà tí awò náà dé tí mo fi í sójú, mo wo àtẹ́lẹwọ́ ara mi. Abẹ́rẹ́ tó ti ń gún mi láti ọjọ́ yìí wá, mo rí àpá rẹ̀ ní ìka mi.

Mo gbé awò náà lọ sí Ikpoba Hill. Bàámi ti fẹ̀yìn tì, ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ìsìn ìdílé kò dẹ́kun. Mo bá òun àti Màámi jókòó. Nígbà tó kàn mí, mo fi awò sójú, mo na Bíbélì kékeré náà síwájú bó ṣe wù mí, mo sì ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀, n kò dúró níbi ẹsẹ kan. Mo kà á tán, mo sì dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ohun tí mo ń dúró dè. Mo ti di ìyá ọmọ, ṣùgbọ́n mo jókòó lórí ẹní yẹn bí ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin, mo ń dúró de “pẹ̀lẹ́” kan ṣoṣo.

Bàámi mi orí, ó kọjú sí Màámi. Ó ní, “Ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ nígbà náà. Ọmọ yìí mọ̀wé. Ọ̀lẹ ló ń dà á láàmú.”

Mo ṣàlàyé. Mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ, yàrá tó kúrú, yàrá tó gùn. Ó na ọwọ́, ó gba awò náà lójú mi, ó bọ́ tirẹ̀, ó fi tèmi sójú. Ó gbé Bíbélì súnmọ́, ó gbé e jìnnà, ó wo ògiri, ó wò mí. Ó ní, “Kò sí nǹkan tí mo rí níbí. Gbogbo rẹ̀ ṣú. Awò yìí kò dára, wọ́n tàn ọ́ jẹ ni.”

Mo ní, “Bó ṣe rí fún mi gan-an nìyẹn, Bàámi, lọ́jọ́ tí ẹ fi tiyín sí mi lójú.”

Màámi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàámi bọ́ awò náà, ó pa á dé, ó gbé e sórí Bíbélì, kò fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ní ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún ìjọba, ó gbàdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò, ó dúpẹ́ fún àbúrò mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní kí Olúwa fún mi ní ẹ̀mí ìtẹríba. Mo ṣe àmín. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí a fi sin ín.

Ayé ti yí padà, mo gbà. Ọmọ ọmọ mi kan wà, Benin náà ni wọ́n bí i sí, mo ń fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ tí mo rí i tó na ìwé jìnnà sí ojú nídìí tábìlì, kò tíì di ọ̀sẹ̀ kejì tí a fi kán oògùn sí i lójú, tí a sì fún un ní awò. Pupa ló yàn. Ó ń fi í ṣe fáàrí, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, ipò kìn-ín-ní ló sì ń gbà. Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù: mo tún jowú rẹ̀, mo jowú ọmọ ọmọ mi débi pé mo ní láti bọ́ sí ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi awò náà kàwé fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń bímọ lónìí, tí ọmọ bá ní òun kò rí ohun tó wà lọ́wọ́ òun, ẹ má fi ohun tó rí lókèèrè bá a jiyàn. Ẹ bi í pé kí ló ń rí. Ìbéèrè náà kò wúwo.

Tí mo bá ń lọ sí Ìbàdàn lọ kí àwọn ẹbí wa, ọkọ̀ á gba Uselu, lẹ́yìn náà á gba Ekiadolor. Wọ́n ti sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di yunifásítì. Awò mi máa ń wà lójú mi. Mo ń rí pátákó ilé-ìwé náà kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ tó rí i, màá ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i, màá yí ọrùn padà kí n lè kà á títí yóò fi bọ́ sẹ́yìn. N kò sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ rí.